Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Páwà Báìkì Tòkunbọ̀ Àkọ́kọ́

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó ń fi ìwàǹwára lépa nǹkan ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún, àgàgà lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó, ilé kíkọ́ àti aáwọ̀ ẹbí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gbólóhùn kejì kàn ń ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn ni. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó mú nǹkan ni gbólóhùn àkọ́kọ́ ń bá wí; nǹkan náà gan-an ni èkejì ń sọ nípa rẹ̀, pé bí a bá ṣe mú un ni yóò ṣe dá a padà fún wa. Kò sí ibi tí èyí ti hàn gbangba tó orí alùpùpù eré ìje tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní páwà báìkì, nígbà tí ẹni tí kò gun irú rẹ̀ rí bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ kan.

600cc ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọ ọ̀dọ́ lójú: Yamaha R6, Honda CBR600RR, Suzuki GSX-R600. Wọ́n á ní èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré yóò tètè sú àwọn, pé nígbà mìíràn owó tòkunbọ̀ rẹ̀ àti ti 600cc ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ́ńjìnnì náà ná. Sìlíńdà mẹ́rin ni R6 ní, 599cc ni, agbára rẹ̀ sì lé ní ti ẹṣin 100. Kì í tú agbára yìí sílẹ̀ tán àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nísàlẹ̀, á máa ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń kọ́ á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, á tún fún un lépo sí i, gbogbo agbára náà á sì dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìjókòó rẹ̀ náà dá kún un. Ẹni tó gùn ún á dorí kodò síwájú, ọrùn ọwọ́ ló sì ń gbé ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí táyà bá já sínú kòtò, tí kòtò kò sì wọ́n wa lójú títì, ọwọ́ á fà sẹ́yìn láìròtẹ́lẹ̀, epo á wọlé. Lórí 250cc, alùpùpù á kàn ta síwájú díẹ̀. Lórí 600cc tó wà ní jíà àkọ́kọ́, táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀. Ìbẹ̀rù á mú kí ẹni tó gùn ún di birèkì iwájú mú gírígírí, bí kò bá sì ní ABS, táyà á há, ilẹ̀ ló kù. Àṣìṣe kan náà ni lórí méjèèjì. Alùpùpù kékeré á foríjì í, ńlá kò ní foríjì.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ pamọ́ pé láàárín 250cc sí 400cc ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ti wá tirẹ̀: Kawasaki Ninja 250R, Ninja 300 tó jáde ní mọ́dẹ́ẹ̀lì 2013, Yamaha R3 ti 2015, Honda CBR250R tí sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, Ninja 400 ti 2018 sókè ni. Agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 45, ó fúyẹ́, ó sì lè sáré ju bí ojú ọ̀nà wa ṣe gbà lọ.

Nílùú Ọba, òfin ti sọ ẹ̀sọ̀ di dandan. Ọmọ ọdún 17 kò lè gun ju 125cc lọ. Láti ọmọ ọdún 19, èèyàn lè gba ìwé àṣẹ A2, alùpùpù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kílówáàtì 35 lọ, ìyẹn bí agbára ẹṣin 47. Lẹ́yìn ọdún méjì lórí A2 ló tó lè ṣe ìdánwò fún èyí tó bá wù ú. Ẹni tí kò bá gba ọ̀nà yẹn á dúró di ọmọ ọdún 24. Ìwé àṣẹ tiwa kò pín agbára sí ìpele bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń rà ni kó ṣòfin fún ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Mo ti ń gun ọ̀kadà láti kékeré.” Ọ̀kadà 100cc kì í tó agbára ẹṣin 10. Olùwádìí Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California lọ síbi ìjàǹbá alùpùpù 900 ní agbègbè Los Angeles, àbájáde wọn sì jáde lọ́dún 1981. Ó lé ní ìdajì nínú àwọn tó ní ìjàǹbá náà tí kò tíì lo oṣù márùn-ún lórí alùpùpù tí wọ́n gùn lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ìrírí wọn lórí alùpùpù lápapọ̀ tó bí ọdún mẹ́ta. Ọwọ́ tó mọ ọ̀kan kò tíì mọ èkejì.

Ó wá ku yíyẹ̀ ẹ́ wò. Ní Amẹ́ríkà, bí alùpùpù eré ìje bá fẹ̀gbẹ́ yọ̀ lójú títì, bọ́dì oníke tó bò ó lè fọ́ débi pé owó àtúnṣe á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó alùpùpù. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò á sanwó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á sì ta á ní gbàǹjo pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ “salvage” sí. Irú wọn wà lára èyí tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò ní ojú tí yóò fi dá wọn mọ̀.

Àwọn ìkángun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ìkángun ọwọ́ tí a fi ń darí, ti birèkì, ti kúlọ́ọ̀ṣì, ti ibi ìtẹ́sẹ̀. Àwọn ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀ bí alùpùpù bá ṣubú. Ẹni tó ń tà á lè ra bọ́dì tuntun, kó kùn ún kó máa dán, ṣùgbọ́n kì í sábà rántí ìkángun. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè kí táyà kúrò nílẹ̀, kí ẹ rọra yí ọwọ́ láti òsì dé ọ̀tún. Ó yẹ kó máa lọ wọ́ọ́rọ́. Bó bá ń há díẹ̀ láàárín, bọ́ọ̀lù inú ọrùn rẹ̀ ti jẹ. Bí irin tó ń dá ọwọ́ dúró níparí bá ti wọnú, tàbí ẹ rí ojú jíjó lára férémù níbẹ̀, iwájú rẹ̀ ti kọlu nǹkan rí. Ẹ má wulẹ̀ yọwó.

Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé, ó sì lè jẹ́ nítorí pé kì í tètè jí ní òtútù. Ẹ sọ pé ẹ ń padà bọ̀ lọ́la. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin: 2316 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti gbó lè ṣì ní ojú tó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní di ilẹ̀ mú nínú òjò. Ẹ wo ẹsẹ̀ iwájú bóyá epo ń jò lára irin dídán rẹ̀. Kí àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lọ́rùn férémù bá ti inú ìwé mu, láìku ẹyọ kan.

Ẹ yọ owó akoto sọ́tọ̀ kí ẹ tó ná alùpùpù rárá, kí akoto náà sì jẹ́ tuntun. Fóòmù inú akoto tó ti bá ẹnìkan ṣubú rí á ti run, a kò sì lè fojú rí i.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àbúrò nílé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: ẹ má fi 600cc ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gun 300cc rí. Ẹ ra kékeré fún un, kí ẹ fi owó tó kù ra akoto, ìbọ̀wọ́ àti jákẹ́ẹ̀tì sí i.