Àpá Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọmú: Ohun Tí Ìtàn Fi Hàn Nípa Ara Aláwọ̀ Dúdú

Ní ọdún 1897 ni Alfred Pousson, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, kọ̀wé nípa bí ó ṣe gbé ọmú tó ti ṣubú sókè. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó rí ọ̀nà tí a lè gbà gé awọ ọmú láìfi àpá sílẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń jiyàn lé lórí ni ibi tí àpá yóò wà àti bí yóò ti gùn tó. Ní 1956, Robert Wise ní Amẹ́ríkà wo bí aránṣọ ṣe ń gé kọ́mú, ó sì fi ṣe àwòṣe ọ̀nà tí abẹ yóò gbà. Àpá rẹ̀ yí orí ọmú ká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba abẹ́ ọmú lọ sọ́tùn-ún àti sósì bí ìdákọ̀ró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Claude Lassus ní Faransé àti Madeleine Lejour ní Belgium wá ọ̀nà tí àpá abẹ́ ọmú yẹn yóò fi dín kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú ju bí ó ti kan àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Lára ẹlòmíràn, àpá kì í dúró sójú ọgbẹ́. Á wú, á le, á máa yún, á sì gbilẹ̀ kọjá ibi tí abẹ kàn. Kílọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Aláwọ̀ dúdú ló ń bá jù, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Àyà, èjìká àti etí ni ó ti sábà máa ń yọ. Nítorí náà, ìpẹ̀kun àpá abẹ́ ọmú tó súnmọ́ egungun àyà ló yẹ kí a ṣọ́ jù.

Jean-Louis Alibert, ará Faransé, ni ìwé sábà máa ń dárúkọ pé ó ṣàpèjúwe àìsàn náà ní 1806, tó sì sọ ọ́ lórúkọ ní 1817. Ṣùgbọ́n ní 1973, P. Omo-Dare, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Nàìjíríà, kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ó sì fi hàn pé Yorùbá ti mọ kílọ́ìdì tipẹ́tipẹ́ kí Alibert tó dé. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìlú tí olóólà ti ń kọlà, tí wọ́n ti ń sín gbẹ́rẹ́, tí wọ́n ti ń lu ọmọbìnrin létí, kò lè ṣàìmọ ẹni tí ojú abẹ rẹ̀ máa ń wú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, J. O. Oluwasanmi, oníṣẹ́ abẹ mìíràn, náà kọ̀wé lórí kílọ́ìdì lára ọmọ Áfíríkà.

Ìmọ̀ àwọn àgbà yẹn ṣì wúlò. Kí obìnrin tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, kó wo ihò yẹtí rẹ̀, ojú gbẹ́rẹ́, ibi tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ BCG ní kékeré. Kó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn àǹtí rẹ̀, kó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà.

Àpá kì í parí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ojú abẹ bá pa dé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmú á wú, á sì máa ro obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ni ara á máa kó kọ́lájìnì jọ, àpá á dúdú tàbí kó pọ́n, á le. Ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ ni ara fi ń tún un tò títí yóò fi rọ̀, awọ ibẹ̀ kì í sì í lágbára ju nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ti tẹ́lẹ̀. Kílọ́ìdì lè má yọjú títí di oṣù mélòó kan, nígbà tí obìnrin ti rò pé ewu ti kọjá.

Dókítà máa ń ní kí obìnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ wọ kọ́mú tó dì í mú dáadáa, kí ó má gbé ẹrù wúwo fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó má sì jẹ́ kí ojú abẹ kan omi odò kí ó tó pa dé. Èyí rọrùn fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ní Mahintedo, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí òwò ẹja ti ń mú obìnrin gbé agbọ̀n, tó ń mú un dúró nídìí ẹja yíyan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ owó tí kò wọlé. Ẹni tí yóò dípò rẹ̀ ṣe pàtàkì bí owó iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Ẹni tó lọ ṣe é l'Ékòó sì gbọ́dọ̀ ti mọ dókítà tí yóò rí nítòsí ilé, nítorí ibà, ọyún, tàbí ọmú kan tó ṣàdédé wú ju èkejì lọ kò ṣeé fi agbo dúró dè.

Bí kílọ́ìdì bá yọ, gígé nìkan kì í tó, ó sábà máa ń padà wá, nígbà mìíràn tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Láti bí ọdún 1960 síwájú ni wọ́n ti ń gún un ní abẹ́rẹ́ triamcinolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí iná jó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ sílíkónì mọ́ ojú àpá, àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọmú náà sì ń lò ó báyìí fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ojú abẹ bá ti pa dé. Abẹ́rẹ́ náà máa ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí àpá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú, nítorí náà obìnrin tí ojú abẹ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún tó sì ń le, kó tètè padà sọ́dọ̀ dókítà.