Ìrántí Olóògbé Àlùfáà I. O. Ransome-Kútì, Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́

Nígbà tí ìjọ bá ń ka oore Ọlọ́run fún ọgọ́rùn-ún ọdún, orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti ti àwọn àlùfáà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Yorùbá yóò jẹ́rìí pé ilé ìsìn àti ilé ẹ̀kọ́ jọ dàgbà ni. Láti ìgbà tí Townsend àti Crowther ti dé Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tí a bá gbé kọ́ ọ̀kan, a kì í pẹ́ kọ́ èkejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni kan náà ni í ka ìwé mímọ́ fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, tí í sì í kọ́ àwọn ọmọdé ní A B D ní ọjọ́ Ajé. Nítorí náà ni ó ṣe tọ́ kí ìwé ìrántí yìí ya àyè sọ́tọ̀ fún olùkọ́ kan tí gbogbo olùkọ́ ilẹ̀ wa jẹ ní gbèsè ọpẹ́.

A bí Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, 1891. Bàbá rẹ̀ ni Canon J. J. Ransome-Kútì, ẹni tí a mọ̀ káàkiri fún orin ìyìn rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ọmọ náà wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta Grammar School ní 1908. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí Fourah Bay College ní Sàró, ó sì gba oyè B.A. Ní 1919 ó di ọ̀gá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1932, nígbà tí a pè é padà wá ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ ọ dàgbà. Dáódù ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ọ̀pá rẹ̀ kò rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe méjì, àwọn ọmọ tí ó sì nà ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn.

Ìwọ̀nyí tó fún ìyìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ga jù kò sí nínú kíláàsì. Ní ìgbà náà, owó olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kò tó ti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Bí ẹnìkan bá ráhùn, a ó dá a lóhùn pé ẹ̀san olùkọ́ ń bẹ ní ọ̀run. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ olùkọ́ kò lè dúró de ọ̀run kí wọ́n tó jẹun. Àlùfáà Ransome-Kútì jẹ́ òjíṣẹ́ nínú ìjọ tí ó ń san irú owó bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Bí ó bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Kò dákẹ́.

Ó mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwọn olùkọ́ Èkó ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1925. Òun náà kó àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú jọ ní 1926. Ní oṣù keje, 1931, nígbà tí ọjà ti ṣubú ní gbogbo ayé tí owó sì ṣọ̀wọ́n, ẹgbẹ́ wọ̀nyí para pọ̀ di Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, èyí tí a ń pè ní N.U.T. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́, kò sì fi ipò náà sílẹ̀ títí di 1954. Akọ̀wé tí ó bá a ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, E. E. Esua, ará Kàlàbá ni. Nípa èyí a rí i pé kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá tàbí ọmọ Áńgílíkà nìkan ni ó ń jà fún. Ní 1943 a fi í sínú Ìgbìmọ̀ Elliot, tí ó wádìí ọ̀ràn ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1948 a ṣí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Ìbàdàn.

Àìsàn ni ó mú un fẹ̀yìn tì ní 1954. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, 1955, tí í ṣe Ọjọ́rú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, erin wó. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 64. Opó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin, ń bá iṣẹ́ lọ títí di 1978.

Ẹ̀yin ará, àwọn baba wa ní, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé tí a ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀ lónìí kò tíì di títà, nítorí pé ẹnìkan jókòó kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn olùkọ́ àgbà ń bẹ láàárín wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń retí owó ìfẹ̀yìntì tí kò tètè dé. Kí a bẹ̀ wọ́n wò nígbà tí etí wọn ṣì lè gbọ́ ọpẹ́. Kí a má fi ẹ̀san wọn sílẹ̀ fún ọ̀run nìkan. Kí Olúwa fi ìsinmi fún ọkàn ìránṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì gbé irú rẹ̀ dìde fún wa. Àmín.