Àgbo Ìdílé Tí Ó Dé Idu

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn ní Idu, l'Ábújá, níbi tí NIPRD wà, ilé ìwádìí oògùn tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1987.

Ibẹ̀ ni Ẹni Ọ̀wọ̀ P. O. Ògúnyalé, ọmọ Yorùbá, fi àgbo ìdílé rẹ̀ lé lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: èso iyère tí ń gun igi nínú igbó; igi osùn, irú èyí tí a fi ń kun ọmọ tuntun; ewé ọkà bàbà tí ń ṣe dáadáa ní ọ̀dàn; àti kànáfùrù tí ó ti òkè òkun wá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì sọ ọ́ ní Niprisan. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, àrùn náà kò lọ, ṣùgbọ́n ìrora líle tí ń kọlù wọ́n dín kù.

Ní 2006, iléeṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà gbé e jáde ní Nàìjíríà, wọ́n pè é ní Nicosan. Ní 2008, gbèsè wọ iléeṣẹ́ náà lọ́rùn, oògùn náà sì wọ́n bí ojú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ìdílé yẹn bá ti pa ẹnu mọ́, ìmọ̀ yìí ìbá bá wọn wọ sàréè. Ẹ jẹ́ kí a gbin ewé sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí a sì kọ orúkọ àti ìlò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, kí ilẹ̀ tó ṣú.