Ìpínlẹ̀ Ńlá, Ìpínlẹ̀ Kékeré: Bí A Ṣe Pín Àga Ilé Aṣòfin Nàìjíríà

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí àga ilé aṣòfin àpapọ̀: ṣé iye ènìyàn ni ká fi pín in, tàbí ọgbọọgba?

Aáwọ̀ yìí ti wà kí òmìnira tó dé. Níbi àpérò tó wáyé ní Ìbàdàn ní 1950, àwọn aṣojú Àríwá ní àfi kí ìdajì àga jẹ́ tiwọn. Wọ́n sì rí i gbà. Lábẹ́ òfin 1951, Àríwá ní 68, Ìwọ̀-Oòrùn 34, Ìlà-Oòrùn 34. Nígbà ìbò 1959, Àríwá ní 174 nínú àga 312.

Ní 1960, a fi Ilé Aṣòfin Àgbà wá ìdọ́gba: agbègbè kọ̀ọ̀kan ní sẹ́nétọ̀ 12. Ṣùgbọ́n ilé náà kò lágbára. Ó lè dá òfin dúró fún ìgbà díẹ̀, kò lè pa á. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn agbègbè nìkan ni ìdọ́gba náà wà fún. Àwọn Ijaw, àwọn Tiv àti ẹ̀yà kékeré mìíràn kò ní ìpín tiwọn. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹ̀dùn wọn, ṣùgbọ́n ní 1958 kò fara mọ́ dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ìpínlẹ̀ ló yí ọ̀rọ̀ padà: 12 ní 1967, 19 ní 1976, 36 ní 1996. Lábẹ́ òfin 1999, Kánò ní aṣojú-ṣòfin 24, Bayelsa ní 5. Síbẹ̀ sẹ́nétọ̀ 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Ilé méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àbá kó tó di òfin, àyàfi ọ̀rọ̀ owó tó lè di ti ìjókòó àpapọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú sẹ́nétọ̀ 109, ìpínlẹ̀ 19 tó jáde lára Àríwá àtijọ́ ní 57. Ìpínlẹ̀ 6 ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ní 18. Àmọ́ àwọn 57 yìí kì í ṣe ẹlẹ́nu kan: Benue àti Plateau wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Kwárà àti Kogí tí àwọn ọmọ Yorùbá wà.

Lójú tèmi, ibi tí a bá fa ààlà sí ni ìdọ́gba ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn kan ń béèrè ìpínlẹ̀ tuntun, ẹ má pè é ní ariwo lásán. Àga mẹ́ta nílé aṣòfin àgbà wà nínú ohun tí wọ́n ń béèrè. Ire o.