Ilé-ẹ̀kọ́ Achimota àti Àwọn Ọmọ Onírúurú Ẹ̀yà

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Nsawam jáde kúrò ní ìlú Accra yóò kan ilẹ̀ gbòòrò kan tí igi ńláńlá wà, tí ilé gogoro kan tí ó ní agogo sì yọ orí sókè láàárín rẹ̀. Igbó ni ibẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn ará Gá, tí wọ́n ni ilẹ̀ Accra, ni wọ́n sọ ọ́ ní Achimota, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ pé a kì í dárúkọ. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé inú igbó náà ni àwọn ẹrú tí ó sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́ ń fara pamọ́ sí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀, kí á má baà tọpa rẹ̀. Lórí ilẹ̀ àwọn tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ yìí ni a kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan sí, níbi tí àwọn ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà ti wá ń jẹun nínú àwo kan náà, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí nǹkan ti rí tẹ́lẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Gold Coast, olúkúlùkù ìjọ ni ó sì ní ilẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ará Basel di èdè Gá àti èdè Twi mú. Àwọn ará Bremen wà láàárín àwọn Ewe. Àwọn Wẹ́sílì wà ní etíkun lọ́dọ̀ àwọn Fante. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe, àwa kò sì lè bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn kan lè dàgbà dé orí ewú láìjókòó ti ọmọ tí ó jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ní 1882, nígbà tí Èkó àti Gold Coast ṣì wà lábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo, a ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan fún ìlú méjèèjì, tí ó fún òbí ní òmìnira lórí ẹ̀kọ́ ìsìn tí a óò kọ́ ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń jà lé lórí lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, nítorí náà.

Ní 1919 ni Gordon Guggisberg dé gẹ́gẹ́ bí gómínà. Kánádà ni a ti bí i. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé e wá sí Gold Coast ní 1902, ó sì ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ láti abúlé dé abúlé yóò mọ ènìyàn ju ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì lọ. Òun ni ó kọ́ ilé-ìwòsàn Korle Bu àti èbúté Takoradi, ṣùgbọ́n Achimota ni ọkàn rẹ̀ fà sí jù. Ó mú ènìyàn méjì wá láti gbé e ró. Èkíní ni James Emman Kwegyir Aggrey, ọmọ Anomabu, tí a bí ní 1875, tí ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1898, tí ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Livingstone ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ti ìjọ A.M.E. Zion ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ìjọ tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fúnra wọn nígbà tí ojú tí a fi ń wò wọ́n nínú ìjọ àwọn aláwọ̀ funfun sú wọn. Èkejì ni A. G. Fraser, òyìnbó Scotland, tí ó di olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ Aggrey. Díẹ̀ ni ó mọ ohun tí Fraser ti ojú rẹ̀ rí kí ó tó dé Accra. Láti 1904 ni ó ti jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ Trinity ní Kandy, ní erékùṣù Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka nísinsìnyí. Àwọn ọmọ Sinhala àti ọmọ Tamil wà níbẹ̀, àwọn tí ìran wọn ti ara òyìnbó Netherlands wá sì wà níbẹ̀. Àwọn kan ń sin Buddha, àwọn kan jẹ́ Híńdù, àwọn kan Mùsùlùmí, àwọn kan Onígbàgbọ́. Nígbà tí ó débẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a kà sí èdè ẹ̀kọ́. Fraser kọ̀. Ó ní ọmọ tí kò lè bá àwọn ará abúlé rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò lè ṣe aṣáájú wọn, ó sì fi èdè Sinhala àti Tamil sínú iṣẹ́ kíláàsì. Ọgbọ́n tí ó ti Ìlà-Oòrùn kó bọ̀ ni ó gbìn sí Achimota.

Ní oṣù kẹta ọdún 1924 ni a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1927 ni a sì ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ. Owó tí ó lé ní £600,000 ni ó bá a lọ, àwọn ènìyàn sì kùn gidigidi sí iye náà. Ọkùnrin àti obìnrin ni a gbà, Aggrey sì jà fún èyí púpọ̀, nítorí ní ìgbà yẹn ọ̀pọ̀ bàbá ni ó gbà pé ilé ìdáná ni ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin parí sí. Èdè mẹ́rin ni a yàn fún àwọn kékeré: Gá, Twi, Fante àti Ewe.

Níbí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí tí ó lajú ní Accra àti Cape Coast kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èdè abínibí, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ ti oko àti ìlù. Wọ́n rò pé ọgbọ́n àrékérekè òyìnbó ni láti fún ọmọ ènìyàn dúdú ní ẹ̀kọ́ tí ó rẹlẹ̀, kí wọ́n má baà bá òyìnbó dọ́gba. A kò lè sọ pé wọn kò ní ìdí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Síbẹ̀, bí a bá wo èso rẹ̀, mo gbà pé Fraser ni ó jàre. Ọmọ Ewe tí ó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́, tí ó sì rí i pé a ń lu ìlù ilé rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kò ní fi ojú àlejò wo ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́. Àbùkù ètò náà ni pé mẹ́rin péré ni èdè náà. Àwọn Dagomba ti àríwá àti àwọn Nzema ti ìwọ̀-oòrùn kò rí tiwọn níbẹ̀, ẹ̀yìn èdè ẹlòmíràn ni wọ́n ní láti máa tọ̀.

Gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Achimota ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Aggrey lórí dùùrù. Ó ní ènìyàn lè tẹ àwọn ìtẹ̀ funfun nìkan kí orin díẹ̀ jáde, ó sì lè tẹ àwọn dúdú nìkan pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ohùn tó lè dọ́gba kí ó sì dùn, a ní láti tẹ funfun àti dúdú pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fi ṣe àmì ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ kò gbà á wọlé. Ọmọ Nzema kan ni, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, Kwame Nkrumah, tí ó wá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Accra ní 1926, tí ó sì parí rẹ̀ ní Achimota ní 1930. Ó fẹ́ràn Aggrey dé ibi pé ikú rẹ̀ ní New York ní oṣù keje ọdún 1927 dà á láàmú púpọ̀; ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ó sọ pé òun kò rí bí ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ ti lè wà níwọ̀n ìgbà tí a kò tíì ka ènìyàn dúdú sí ẹgbẹ́ ènìyàn funfun. Mo rò pé ó yẹ kí a gbọ́ ti àwọn méjèèjì. Ta ni ó jókòó sí ìdí dùùrù náà ní 1927? Gómínà òyìnbó ni, ọ̀gá àgbà òyìnbó sì ni. Kì í ṣe wíwà pọ̀ ní kíláàsì kan náà nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di ẹgbẹ́ ara wọn.

Èyí tí ó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni ti Ephraim Amu. Ọmọ Ewe ni, Peki ni a ti bí i ní 1899. Olùkọ́ orin ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọ Presbyterian ní Akropong, ní àárín àwọn tí ń sọ Twi, ó sì ń fi Twi àti Ewe ṣe orin. Ó bọ́ kóòtù àti táì sílẹ̀, ó ró aṣọ ìbílẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ gun orí àga ìwàásù. Ó mú ìlù àti fèrè ìbílẹ̀ wọ inú ìsìn. Àwọn àgbà ìjọ pè é, wọ́n bá a wí. Kò yí padà. Ní 1933 wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwa tí a wà nínú ìjọ tí àtẹ́wọ́, agogo àti ìlù ti jẹ́ ti wa láti ìbẹ̀rẹ̀ lè rò ó wò ohun tí èyí jẹ́. Achimota ni ó gbà á ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, láìní kí ó bọ́ aṣọ rẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti lọ kọ́ ìmọ̀ orin ní London ní 1937. Orin rẹ̀ tí à ń pè ní Yɛn Ara Asaase Ni, tí ó ti fi èdè Ewe ṣe ṣáájú, ni àwọn ará Ghana kà sí orin orílẹ̀-èdè kejì títí di òní.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin Mandinka kan, Mùsùlùmí, wá láti Gambia láti kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Achimota. Dawda Jawara ni, ẹni tí ó di olórí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ní 1962. Ilé kéú àwọn Mùsùlùmí ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti gba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Wẹ́sílì kọjá kí ó tó dé Accra. Irú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ní àwọn Zongo ń bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó yóò fi ìsìn bàbá rẹ̀ sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní Èkó ẹ̀rù kan náà ni ó mú kí ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí ní 1896, òun náà ni ó sì mú kí àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, nítorí wọ́n rí i pé ọmọ tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí Làsísì ń jáde gẹ́gẹ́ bí Lórẹ́ńsì. Àwa Onígbàgbọ́ ni a ni ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn.

Lẹ́yìn òmìnira, Òfin Ẹ̀kọ́ ti 1961 sọ ní Ghana pé a kò gbọdọ̀ lé ọmọ kankan nítorí ìsìn, orílẹ̀-èdè, ẹ̀yà tàbí èdè rẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀. Òfin dára. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ọ̀fà kún Accra nígbà náà, ní àdúgbò tí a ń pè ní Lagos Town rí. Àwọn ọmọ wọn tí a bí síbẹ̀, tí ń sọ Gá ju Yorùbá lọ, kó ìwé wọn láti orí bẹ́ńṣì, wọ́n sì bọ́ sínú kíláàsì ní ilẹ̀ Yorùbá níbi tí a ti ń pè wọ́n ní ọmọ Gold Coast. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọwọ́ tiwa mọ́: ní oṣù kìíní ọdún 1983 Nàìjíríà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sí àwọn ará Ghana, nígbà tí àwọn olùkọ́ wọn kún ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà Achimota fúnra rẹ̀. A yan ọmọkùnrin méjì síbẹ̀ nítorí máàkì wọn dára, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sìn Rasta ni wọ́n, irun wọn sì jẹ́ dàda. Ilé-ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n gé e tàbí kí wọ́n máa lọ. Iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìjọba kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí a gbà wọ́n, ó sì tún yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn kan ń béèrè ìdí tí irun gígùn ọmọ òyìnbó kò fi ba ìlànà jẹ́, tí ti ọmọ dúdú fi bà á jẹ́. Yorùbá tí ó mọ ohun tí a ń pè ní ọmọ Dàda, tàbí ẹni tí ó ti ka ẹ̀jẹ́ àwọn Násírì nínú ìwé Númérì, yóò mọ̀ pé irun kì í ṣe irun lásán fún gbogbo ènìyàn. Àwọn òbí gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Accra, lórí òmìnira ìsìn àti ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú òfin ilẹ̀ náà ti 1992. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, Adájọ́ Gifty Agyei Addo dá a pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ti tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ náà lójú, ó sì pàṣẹ kí a gbà wọ́n wọlé. Òfin gígé irun àwọn ọmọbìnrin mọ́lẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Ghana nígbà náà, ẹjọ́ yẹn kò sì fọwọ́ kàn án.