Oríṣi tòmátì inú ilé ọ̀gbìn tútù ní ilẹ̀ ooru

Ní Saudi Arabia, Abu Dhabi àti aṣálẹ̀ Arizona, inú ilé ọ̀gbìn tí omi àti fáànù ń mú tutù ni wọ́n ti ń gbin tòmátì nígbà ooru. Wọ́n á to pádì oníhò sí ògiri kan, omi á máa ṣàn lórí rẹ̀, fáànù ńlá tó wà ní ògiri kejì á sì máa fa afẹ́fẹ́ ìta gba inú pádì wọlé. Gbígbẹ omi yẹn ló ń gba ooru lára afẹ́fẹ́. Bí ìta bá gbóná tó 43°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 10%, afẹ́fẹ́ tó wọlé lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 25°C. Ṣùgbọ́n kó tó dé ìdí fáànù, oòrùn á ti tún mú un gbóná. Ibẹ̀ ni oríṣi tòmátì ti ń yàtọ̀ síra.

Òdòdó ni ooru kọ́kọ́ ń bá jà. Bí ọ̀sán bá kọjá 35°C, tàbí tí òru kò bá lọ sílẹ̀ ju 24°C lọ, ìyẹ̀fun inú òdòdó kò ní lágbára mọ́, òdòdó á sì rẹ̀ dànù láìso. Tòmátì ńlá tí wọ́n ń pè ní beefsteak ló ń fara gbá a jù: èso orí ṣírí rẹ̀ kò pọ̀, bí òdòdó méjì bá rẹ̀, àdánù gidi ni. Ìdí èso rẹ̀ tún máa ń dúdú, nítorí ewé ló ń fa omi àti kálísíọ̀mù lọ jù. Tòmátì gígùn bíi Róómà náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìdí dúdú yìí. Ṣẹ́rì, èyí tó kéré jù nínú wọn, ní òdòdó púpọ̀, ìdí rẹ̀ kì í sábà dúdú, ó sì dùn. Àbùkù rẹ̀ ni pé awọ rẹ̀ ń là bí omi kò bá dọ́gba, iṣẹ́ kíká rẹ̀ sì pọ̀. Ní tèmi, òun ló yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gbìn.

Àwọ̀ náà ṣe pàtàkì. Bí èso bá gbóná ju 30°C lọ nígbà tó ń pọ́n, láíkópíìnì tó ń mú un pupa kì í jáde dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ti ọsàn tó pọ́n. Èyí ń ba ọjà tòmátì oníṣírí jẹ́, nítorí odindi ṣírí ni wọ́n ń tà, gbogbo èso orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pupa pa pọ̀.

Pádì lè mu omi ju ewéko fúnra rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí oko Sundrop ní Port Augusta, ní Australia, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá ní 2016, fi ń lo omi òkun.

Afẹ́fẹ́ Ìbàdàn àti Èkó kò gbẹ bíi ti aṣálẹ̀. Bí ìta bá jẹ́ 34°C, tí ọ̀rinrin jẹ́ 60%, pádì kò lè mú un wálẹ̀ ju 28 tàbí 29°C lọ. Lóru, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Ilé olórùlé gíga tó ní nẹ́ẹ̀tì tí kòkòrò kò lè gbà kọjá ló bá ibẹ̀ mu, pẹ̀lú oríṣi tó lè fara da ooru àti àrùn ewé kíká tí eṣinṣin funfun ń gbé kiri. Ọ̀rinrin ń mú ìyẹ̀fun òdòdó lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa mi okùn tí igi rọ̀ mọ́, ní àárọ̀ tí oòrùn bá ti yọ dáadáa.