Iṣẹ́ Abẹ Iṣan Ọkàn: Pẹ̀lú Ẹ̀rọ àti Láìlo Ẹ̀rọ

Bí ọ̀rá bá dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn, oníṣẹ́ abẹ lè mú iṣan mìíràn láti ẹsẹ̀ tàbí àyà aláìsàn, kí ó fi la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iṣan ọkàn tín-ín-rín, ọkàn kì í sì í sinmi. Ó dà bí ẹni ń rán aṣọ mọ́ oníjó lára.

Ìdáhùn kan ni ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn, kí ọkàn fúnra rẹ̀ lè sinmi. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1953, ní Philadelphia, oníṣẹ́ abẹ John Gibbon fi ẹ̀rọ tí òun àti Mary ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún pípẹ́ dí ihò inú ọkàn ọmọbìnrin ọlọ́dún 18. Ẹ̀rọ náà ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, ó ń fi ọ́síjìn sí i, ó sì ń dá a padà. Ní 1967, René Favaloro, ọmọ Ajẹntínà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣan ẹsẹ̀ la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ ọkàn ní Cleveland. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ yìí ti tàn kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Leningrad, ní 1964, Vasilii Kolesov ti rán iṣan àyà mọ́ iṣan ọkàn nígbà tí ọkàn ṣì ń lù. Ẹ̀rọ borí ọ̀nà yìí, títí àwọn oníṣẹ́ abẹ Benetti ní Ajẹntínà àti Buffolo ní Brazil fi jí i dìde láàárín ọdún 1980 sí 1989. Lẹ́yìn wọn ni irinṣẹ́ Octopus dé láti Utrecht: ó ń fà mọ́ ara ọkàn, ó sì ń mú ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ nìkan dúró.

Àwọn dókítà retí pé àìlo ẹ̀rọ yóò dín rọpárọsẹ̀ àti ìpalára kíndìnrín kù. Ìwádìí CORONARY, lára aláìsàn 4,752 ní orílẹ̀-èdè 19, kò rí ìyàtọ̀ gidi nínú ikú, rọpárọsẹ̀ tàbí ìkọlù ọkàn, kódà lẹ́yìn ọdún 5. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ROOBY ní ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà, ìdá 15.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a kò lo ẹ̀rọ fún ló kú láàárín ọdún 5, ìdá 11.9 ni ti àwọn tó lo ẹ̀rọ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ̀rọ ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àìlo ẹ̀rọ wúlò fún ẹni tí iṣan ńlá tó ti ọkàn jáde bá ti le gbagidi, bí ọwọ́ dókítà bá mọ́ ọn. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kan ará ilé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà: èwo lẹ máa ń ṣe jù?